Ibà Tó Ń Lọ Tó Ń Bọ̀ Lára Ọmọdé: Ẹ̀kọ́ Lórí Orúkọ àti Ònkà Ọjọ́

Nínú ẹ̀kọ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, a máa ń sọ pé orúkọ yàtọ̀ sí ohun tó ń jẹ́ ẹ. Ó rọrùn láti kọ sínú ìwé ìdánwò, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti rántí nígbà tí ara ọmọ bá gbóná. Ẹ̀kọ́ yìí dá lórí àwọn àrùn kan tó ṣọ̀wọ́n, tó ń bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, tí ibà sì jẹ́ àmì tó hàn jù lára wọn. Orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fún díẹ̀ nínú wọn fẹ́ ṣi àwọn dókítà lọ́nà. Ohun tó ń tú àṣírí wọn ni ohun tí ìyá ọmọ lè fi bírò kọ sílẹ̀: ọjọ́ mélòó ni ibà náà ń lò, ọjọ́ mélòó ló sì fi ń sinmi. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè, kì í ṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn nìkan.

Ọ̀rọ̀ kan, àìsàn púpọ̀

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà "ibà" fẹ̀. Bí a bá ní "ibà ń ṣe ọmọ náà", ó lè jẹ́ pé ara rẹ̀ gbóná ni, ó sì lè jẹ́ pé málárìà ni a ní lọ́kàn. A máa ń fi ọ̀rọ̀ mìíràn tì í lẹ́yìn láti yà á sọ́tọ̀. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ń sọ ohun tí a rí: ojú pọ́n, ìtọ̀ pọ́n. Ibà Lassa ń sọ ibi tí a ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní 1969, ìyẹn ìlú Lassa ní Borno. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́yìn "ibà", málárìà ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń gbọ́, oògùn málárìà ni a sì máa ń sáré rà.

Kò yà mí lẹ́nu, nítorí málárìà wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó sì ń pa ọmọdé. Ṣùgbọ́n láti 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń sọ pé kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó lo oògùn rẹ̀. Kódà, àyẹ̀wò náà kò lè dáhùn gbogbo ìbéèrè. Níbi tí málárìà ti gbilẹ̀, kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó jẹ́ pé ohun mìíràn ló ń ṣe é.

Ẹ wá wo ọmọ kan tí ibà ń dé sí lóṣooṣù. Wọ́n fún un ní oògùn málárìà, ibà lọ ní ọjọ́ kẹrin. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ibà dé, oògùn dé, ibà tún lọ. Gbogbo ilé yóò gbà pé oògùn ló lé e lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ irú ibà tó máa ń lọ fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin, oògùn náà kò ṣe nǹkan kan; ó kàn bá a pàdé lọ́nà ni. Báyìí ni ọdún ṣe ń gorí ọdún.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara?

Ara wa ní ọmọ ogun oríṣi méjì. Èkíní ni èyí tí a bí mọ́ wa. Kì í béèrè orúkọ ọ̀tá. Bí ó bá ti rí ohun tó jọ kòkòrò àrùn, yóò dáná ìjà lójú ẹsẹ̀. Èkejì ń kọ́ṣẹ́: ó ń dá ọ̀tá mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń rántí wọn. Òun ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ń kọ́ níṣẹ́. Bí ọmọ ogun kejì bá ṣi ara mú, tó ń bá a jà bí ẹni bá ọ̀tá jà, àwọn àrùn bíi lupus ni ó ń fà. Autoimmune ni wọ́n ń pe irú wọn. Bí ọmọ ogun èkíní bá dìde ogun láìsí ọ̀tá rárá, àrùn autoinflammatory nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì pẹ́. Ní 1999 ni Daniel Kastner, Michael McDermott àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé e jáde nígbà tí wọ́n rí jíìnì tó ń fa ọ̀kan nínú àwọn ibà wọ̀nyí. Ẹ jẹ́ kí a tú u wò. "Auto" ti inú èdè Gíríìkì wá, ó túmọ̀ sí "fúnra ẹni". Èyí tó kù ti inú ọ̀rọ̀ Látìn tó jẹ mọ́ ọwọ́ iná wá. Bí mo bá fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi, "àrùn ara-gbiná" ni màá pè é, èyí tí lupus jẹ́ ni màá pè ní "àrùn ara-bá-ara-jà". Bí òǹkàwé kan bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju ìwọ̀nyí lọ, kó mú un wá.

Nínú ọ̀pọ̀ àrùn ara-gbiná, ohun tó ń gbé ìròyìn ogun kiri inú ara ni èròjà kan tó ń jẹ́ interleukin-1, tí wọ́n ń gé kúrú sí IL-1. Ẹ rò ó bí akéde. Bí akéde bá lu agogo, ọpọlọ yóò mú kí ara gbóná, ẹ̀dọ̀ yóò máa tú èròjà ogun sínú ẹ̀jẹ̀, oríkèé yóò wú. Nígbà tí jíìnì tó ń darí akéde bá ní àbùkù, agogo yóò máa dún láìsí ogun.

Orúkọ ìlú, orúkọ òkun

Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni Familial Mediterranean fever, tí wọ́n ń pè ní FMF. Orúkọ náà túmọ̀ sí ibà ìdílé ti etí Òkun Mẹditaréníà. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn ará Tọ́kì, Armenia, àwọn Lárúbáwá àti àwọn Júù. Ní 1997, ikọ̀ ìwádìí méjì rí jíìnì rẹ̀, MEFV, lẹ́ẹ̀kan náà. Ikọ̀ kan sọ purotéènì tí jíìnì náà ń ṣe ní pyrin, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí iná. Ikọ̀ Faransé sọ ọ́ ní marenostrin, láti inú orúkọ tí àwọn ará Róòmù ń pe òkun náà: "òkun wa". Ikọ̀ kan wo ohun tí àìsàn náà ń ṣe, èkejì wo ibi tó wọ́pọ̀ sí. Pyrin ló borí lẹ́nu àwọn onímọ̀ lónìí.

Ní 1982, wọ́n ṣàpèjúwe ibà mìíràn nínú ìdílé kan tó ní ìran Ireland àti Scotland, wọ́n sì sọ ọ́ ní ibà Hibernia. Hibernia ni orúkọ Látìn fún Ireland. Nígbà tí wọ́n rí jíìnì rẹ̀, TNFRSF1A, ní 1999, ó hàn pé ẹ̀yà mìíràn ní i pẹ̀lú. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí TRAPS. Ní 1984, àwọn dókítà ní Netherlands ṣàpèjúwe ẹ̀kẹta. Nítorí pé èròjà kan tó ń jẹ́ IgD pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn náà, wọ́n fi èròjà yìí sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tó yá, wọ́n rí àwọn ọmọ tó ní àrùn náà tí IgD wọn kò pọ̀. Orúkọ tó ń jẹ́ báyìí ni MKD, láti ara jíìnì rẹ̀, MVK.

Ẹ̀kẹrin yàtọ̀ díẹ̀. Àìsàn mẹ́ta ni wọ́n kà á sí: ọ̀kan tí òtútù ń fà, ọ̀kan tí wọ́n fi orúkọ dókítà méjì, Muckle àti Wells, pè láti 1962, àti ọ̀kan tó ń bá ọmọ láti ọjọ́ ìbí. Ẹ̀kẹta yìí gan-an ní orúkọ méjì: CINCA lẹ́nu àwọn ará Yúróòpù, NOMID lẹ́nu àwọn ará Amẹ́ríkà. Láti 2001 ni ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn pé jíìnì kan ṣoṣo, NLRP3, ló wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Líle àìsàn ló yàtọ̀. CAPS ni orúkọ àpapọ̀ wọn. Ẹ rí i pé a ní orúkọ méjì fún ohun kan, a sì ní orúkọ mẹ́ta fún ìpele mẹ́ta ohun kan náà.

Kí ló burú nínú orúkọ ìlú? Ó ń sọ fún dókítà irú ojú tó yẹ kó wà níwájú rẹ̀. Bí orúkọ bá ní "Hibernia", ta ni yóò rò ó fún ọmọ Ìlọrin? Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn onímọ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n má fi orúkọ ìlú tàbí ènìyàn sọ àrùn tuntun tó ń ràn mọ́. Àrùn ara-gbiná kì í ràn, ṣùgbọ́n ìtàn wọn fi hàn pé ìmọ̀ràn náà bá a mu.

Bí ibà kọ̀ọ̀kan ṣe ń rìn

Bí a bá fi orúkọ sílẹ̀, kàlẹ́ńdà ló kù. Ẹ wo bí wọ́n ṣe yàtọ̀ síra:

FMF: ibà náà máa ń wà fún ọjọ́ 1 sí 3, inú rírun líle, àyà dídùn tàbí wíwú oríkèé kan yóò sì bá a rìn. Ìgbà tó ń padà kò dúró sójú kan. Inú rírun náà le débi pé wọ́n ti la ikùn àwọn kan nítorí wọ́n rò pé appendix ni.

PFAPA: ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún 5. Ibà yóò wà fún ọjọ́ 3 sí 6, yóò sì padà ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 6 bí aago. Ọ̀fun dídùn, egbò ẹnu àti kókó ọrùn wíwú ló ń bá a wá. Lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ àwọn àmì rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe orúkọ rẹ̀. Láti ara ọmọ 12 ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1987. Kò tíì sí jíìnì kan pàtó tí a mọ̀ mọ́ ọn.

MKD: ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún kan. Ibà ń lo ọjọ́ 3 sí 7, pẹ̀lú inú rírun, èébì, ìgbẹ́ gbuuru àti kókó ọrùn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára lè ru ú sókè. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí a má gba abẹ́rẹ́. Ó túmọ̀ sí pé kí dókítà mọ̀ tẹ́lẹ̀.

TRAPS: ó máa ń kọjá ọ̀sẹ̀ kan, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹran ara yóò máa ro, ìrora náà yóò máa rìn láti ibì kan sí ibòmíràn, àyíká ojú sì lè wú.

CAPS: ara sísú tó jọ ti ẹni tí ohun kan kò bá lára mu. Fún àwọn kan, òtútù ló ń fà á, ó sì máa ń lọ láàárín ọjọ́ kan. Fún àwọn mìíràn, etí yóò máa di díẹ̀díẹ̀. Nínú èyí tó le jù, awọ tó bo ọpọlọ ń gbiná láti ọmọ ọwọ́.

Ònkà ọjọ́ Yorùbá àti ti Látìn

Ibí yìí ni iṣẹ́ tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ònkà ìbílẹ̀ wa, a máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn. Òní ni ọ̀kan, àná ni èjì, nítorí náà ni ọjọ́ tó ṣáájú àná fi jẹ́ ìjẹta. Ọjà ọrún ń padà lẹ́yìn ọjọ́ 4, a sì ń pè é ní márùn-ún. Ọjà ìsán ń padà lẹ́yìn ọjọ́ 8. Ìtàdógún jẹ́ ọjọ́ 17 nínú ònkà, ọjọ́ 16 ló sì wà láàárín, ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń pè.

Àwọn ará Róòmù náà ń kà bẹ́ẹ̀. Ọjà wọn tó ń padà lẹ́yìn ọjọ́ 8, orúkọ "ọjọ́ kẹsàn-án" ni wọ́n fún un, bí ìsán tiwa gẹ́lẹ́. Ònkà yìí ló wà nínú orúkọ àtijọ́ tí ìṣègùn ṣì ń lò fún málárìà. Ibà tó ń padà ní wákàtí 48 ni wọ́n ń pè ní "ti ọjọ́ kẹta". Èyí tó ń padà ní wákàtí 72 ni "ti ọjọ́ kẹrin". Ẹni tí kò bá mọ ònkà yìí yóò ṣi ọjọ́ kan kà.

Ọjọ́ kan kì í ṣe nǹkan kékeré níbí. Bí ìyá àgbà bá ní "ìjẹta ló bẹ̀rẹ̀", tí ẹni tó ń túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì sì kọ pé ó ti di ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ibà ọjọ́ méjì ti di ti ọjọ́ mẹ́ta. Bí a bá ní "ó ń ṣe é ní ìtàdógún-ìtàdógún", ṣé láti ìbẹ̀rẹ̀ ibà kan dé ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn ni, àbí láti òpin rẹ̀? Ọ̀nà àbáyọ rọrùn: kí a kọ déètì. Ìwé ibà kò ju ìwé àjákọ kan lọ. Ọjọ́ àti wákàtí tí ibà bẹ̀rẹ̀, ibi tí ìgbóná ara ga dé lórí tẹmọ́mítà, ọjọ́ tó lọ, ohun tó bá a wá, oògùn tí ọmọ lò, èsì àyẹ̀wò málárìà, ọjọ́ tí ọmọ kò lè lọ sílé ìwé. Kí a ya fọ́tò ara tó sú. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìlà ibà náà yóò hàn.

Ohun tí dókítà yóò ṣe

Dókítà kò gbọ́dọ̀ fi àrùn tó ṣọ̀wọ́n bẹ̀rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ wá àwọn tó wọ́pọ̀: málárìà, táífọ́ọ̀dù, àrùn ojú ọ̀nà ìtọ̀, ikọ́ ife, àìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde. Yóò wo jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Yóò wo àìsàn kan tí àwọn ọmọ ogun ẹ̀jẹ̀ fi ń dín kù ní nǹkan bí ọjọ́ 21 síra wọn. Lẹ́yìn náà ni yóò béèrè nípa ìdílé: ta ni irú rẹ̀ ti ṣe rí, ta ni kíndìnrín rẹ̀ bàjẹ́, etí ta ni ó di láti kékeré?

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bíi CRP àti ESR ń fi hàn bóyá iná ń jó nínú ara. Ó dára kí a ṣe é nígbà tí ibà wà, kí a tún un ṣe nígbà tí ara ọmọ bá yá. Bí ó bá ṣì ga nígbà tí ọmọ ń ṣeré, iná ń jó lábẹ́ eérú.

Àyẹ̀wò jíìnì wúlò, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni adájọ́. Ìyàtọ̀ kan wà nínú jíìnì TRAPS tí wọ́n ń pè ní P46L. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ara wọn le koko. Nítorí náà, bí wọ́n bá rí i lára ọmọ Yorùbá ní Ìbàdàn tàbí ní London, kò tó láti sọ pé TRAPS ló ń ṣe é. Bákan náà, àwọn kan ní FMF tí àyẹ̀wò jíìnì kò fi gbogbo rẹ̀ hàn. Ìdí nìyí tí ìlànà tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní 2019 fún FMF, TRAPS, MKD àti CAPS fi so èsì jíìnì pọ̀ mọ́ àwọn àmì àìsàn. Iye ọjọ́ ibà sì wà lára àwọn àmì náà.

Ìtọ́jú, àti ìdí tí ìdádúró fi léwu

Bí ibà bá ń lọ fúnra rẹ̀, kí ló wá burú? Ohun tó burú ni ohun tó ń ṣẹ́kù. Nígbàkigbà tí iná bá jó, ẹ̀dọ̀ ń tú purotéènì kan tó ń jẹ́ SAA sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó lè gbárajọ sínú kíndìnrín, kí ó sì bà á jẹ́. Amyloidosis ni wọ́n ń pe èyí. Òun ló ń pa àwọn tó ní FMF láyé àtijọ́.

Ní 1972, dókítà Stephen Goldfinger ní Amẹ́ríkà kọ lẹ́tà kúkúrú sí ìwé ìròyìn ìṣègùn kan pé colchicine ń dí ibà FMF lọ́wọ́. Oògùn àtijọ́ ni, láti ara ewéko kan, tí wọ́n ti ń lò fún àrùn gout. Bí aláìsàn bá ń lò ó lójoojúmọ́, ibà yóò dín kù, kíndìnrín yóò sì bọ́ lọ́wọ́ ewu náà. Kò wọ́n bí abẹ́rẹ́ ìgbàlódé. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, májèlé ni, kò sì bá àwọn oògùn bíi clarithromycin rẹ́. Kì í ṣe oògùn tí a ń dá rà ní kẹ́mísìtì.

Fún CAPS, ohun tó dá akéde IL-1 dúró ni ìtọ́jú. Ní 2006, ìwádìí kan lórí aláìsàn NOMID 18 fi hàn pé anakinra, abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́, mú iná náà rọlẹ̀ kíákíá. Canakinumab jẹ́ abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gbà ní ọ̀sẹ̀ 8 síra wọn fún CAPS. Ní 2016, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún TRAPS, MKD àti FMF. Owó rẹ̀ ga gan-an, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń há sí. Bí etí bá ti di pátá kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, kò dájú pé yóò padà ṣí.

PFAPA ni ó rọ̀ jù. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí dókítà bá fún ọmọ ní steroid, ibà sábà máa ń lọ láàárín wákàtí díẹ̀, àmọ́ ó lè mú kí èyí tó kàn tètè dé. Yíyọ tonsil máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń dàgbà kọjá rẹ̀.

Fún gbogbo wọn, ìtọ́jú kò tán sórí oògùn. Kí a máa yẹ ìtọ̀ wò, kí a máa wo bí ọmọ ṣe ń dàgbà, kí a dán etí ọmọ tó ní CAPS wò, kí olùkọ́ sì mọ̀ pé ọmọ tí kì í wá sílé ìwé lóṣooṣù kì í ṣe ọ̀lẹ.

Irú orúkọ tó yẹ

Àwọn baba wa sọ àìsàn kan ní fòníkú-fọ̀la-dìde. Orúkọ náà kò dárúkọ ìlú, kò sì dárúkọ dókítà. Ìrìn àìsàn ló sọ: lónìí, ọmọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, lọ́la, ó ti dìde. Ó lè dun ẹni tó ní àìsàn náà nítorí ikú tó wà nínú rẹ̀, kò sì yẹ kí a fojú fo ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ti jókòó ti ọmọ, ó sì ti ka ọjọ́. Bí a bá máa sọ àrùn ara-gbiná lórúkọ ní Yorùbá, ọ̀nà yẹn ni kí a tọ̀, kí a sì yọ ikú kúrò nínú rẹ̀. Kí a tó rí orúkọ náà, ìbéèrè tí a lè kọ́ ara wa ní ilé àti ní ilé ìwòsàn ni èyí: dípò "irú ibà wo ni?", kí a béèrè pé "ọjọ́ wo ló dé, ọjọ́ wo ló lọ, ọjọ́ wo ló tún padà?"

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kó orúkọ ibà márùn-ún jọ ní ẹ̀ka èdè tìrẹ. Èwo ló sọ àmì, èwo ló sọ ibi, èwo ló sọ ìrìn àìsàn?
2. Béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà kan àti ọ̀dọ́ kan: ọjọ́ mélòó ni ìtàdógún? Kọ ìyàtọ̀ tí o bá rí.
3. Ṣe ìwé ibà ojú ewé kan ní Yorùbá tí ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè lò, láìlo ọ̀rọ̀ tí yóò ní kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ fún òun.